Ẹ̀bẹ̀ Tí Kò Lórúkọ

Ẹ̀gbọ́n mi Ọlọ́runṣògo ló gba ẹ̀bẹ̀ lórí Ṣubúọlá, àbúrò wa obìnrin, nígbà tí lẹ́kúrà kan fọwọ́ kàn án ní yunifásítì. Bàbá wa ti kú nígbà náà. Èmi ti fi ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, mo lọ kọ́ iṣẹ́ àga ṣíṣe, kí Ṣubúọlá lè máa bá ìwé tirẹ̀ lọ. Ó sì bá a lọ lóòótọ́. Lẹ́kúrà yẹn ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mọ́ ọn, ó fọwọ́ sí i láyà, Ṣubúọlá bá lọ fẹjọ́ sùn. Àwọn ẹbí lẹ́kúrà àti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá bá Ẹ̀gbọ́n ní Èjìgbò, torí òun ni olórí ẹbí wa. Kò pẹ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ fi ní ẹjọ́ ti parí, pé ọmọ náà ti jẹ́wọ́ pé irọ́ lòun pa. Orúkọ opurọ́ yẹn wúwo jù fún un. Ó fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ó ń ránṣọ ní àdúgbò Ailegun títí dòní.

Ẹ̀gbọ́n ní Ṣubúọlá fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́ fún òun. Ṣubúọlá ní òun ò sọ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Ti Ṣubúọlá ni mo gbà gbọ́. Láti ìgbà náà, n kò jẹun nílé Ẹ̀gbọ́n mọ́. Bí a bá pàdé níbi ìsìnkú, n ó dọ̀bálẹ̀ kí i, torí ó jù mí lọ, n ó sì dìde lọ jókòó síbòmíràn. Bùsọ́lá ìyàwó mi ní inú mi ti dípẹtà. Kó dípẹtà.

Ní ọdún yìí ló wá kan Ọlámipọ̀sí, ọmọ tèmi obìnrin. Lẹ́kúrà tó ń tọ́ ọ sọ́nà lórí pírójẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dì í mú nínú ọ́fíìsì, ó fipá fẹnu kò ó lẹ́nu. Ọmọ náà kò kọ́kọ́ sọ fún mi. Ṣubúọlá ló sọ fún, àwọn méjèèjì sì jọ lọ fẹjọ́ sùn ní ọ́fíìsì tí ilé-ẹ̀kọ́ yà sọ́tọ̀ fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó wà níbẹ̀ ṣe dáadáa sí wọn, àmọ́ ó ní kí Pọ̀sí ro ẹjọ́ rẹ̀. Ọ̀gá obìnrin náà tún ní kó rò ó. Kọmití tó ń gbọ́ ẹjọ́ náà pè é, ó tún rò ó fún wọn, ẹnì kan sì bi í pé aṣọ wo ló wọ̀. Gbogbo ìgbà tó bá tibẹ̀ dé, ṣe ló máa ń dà bí ẹni tó ru omi láti ọ̀nà jíjìn. Lẹ́kúrà ṣì ń wọ kíláàsì. Pọ̀sí ni kò lè wọ̀ ọ́ mọ́. Wọ́n wá ní kó padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i lójú lẹ́kúrà náà, kí wọ́n tó dájọ́.

Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú rẹ̀, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a ò tí ì bọ́ṣọ, ni Ẹ̀gbọ́n wọlé wá bá wa nílé wa ní Mafoluku. Ó mú ìyàwó lẹ́kúrà náà lẹ́yìn, àti àbúrò bàbá lẹ́kúrà fúnra rẹ̀, arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Alàgbà Abórìṣàdé. Kí n tó dìde kí wọn, Alàgbà ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí káápẹ́ẹ̀tì, fìlà rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Obìnrin náà kúnlẹ̀. Bàlúù kan ń kọjá lórí òrùlé.

"Adébánjọ, ní kí Bàbá dìde," Ẹ̀gbọ́n wí.

N kò sọ ọ́. Ẹni tó bá ti ní kí ẹlẹ́bẹ̀ dìde ti gba ẹ̀bẹ̀ nìyẹn. Mo jókòó.

"Kí ni wọ́n ń bẹ̀ mí sí?"

"Ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀ yìí ni," Alàgbà dáhùn látilẹ̀. "Iṣẹ́ èṣù ni."

"Kí ni èṣù ṣe? Ẹ dárúkọ ẹ̀, sà."

"Àṣìṣe ni, ọmọ mi."

"Àṣìṣe wo?"

Ìyàwó lẹ́kúrà ló gba ọ̀rọ̀ náà. "Dádì Pọ̀sí, ẹ ṣàánú mi, wọ́n á lé ọkọ mi níṣẹ́. Kò ṣe nǹkan kan. Ẹ ṣáà dárí jì í."

Ṣubúọlá bú sẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì. "Kò ṣe nǹkan kan, bàbá arúgbó wá ń fikùn nulẹ̀ kiri! Ẹ ò tiẹ̀ mọ irọ́ í pa."

"Ṣubúọlá, àgbà ń sọ̀rọ̀," Ẹ̀gbọ́n kìlọ̀.

"Àgbà wo ló ń sọ̀rọ̀? Ṣe ni wọ́n sùn sílẹ̀."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Pọ̀sí, àmọ́ kò dé ojú rẹ̀. Ó fẹ̀yìn ti ògiri.

"Dádì, ó ti rẹ̀ mí," ó sọ fún mi. "Ẹ jẹ́ kí n má lọ mọ́. Bí mo bá tún un sọ, wọ́n á ṣì ní mo parọ́."

Ọ̀rọ̀ náà kò tí ì tán lẹ́nu rẹ̀ tí Ẹ̀gbọ́n fi na ìka sí i. "Ẹ gbọ́ o! Ọmọ fúnra ẹ̀ ló sọ pé òun ò ṣe mọ́. Èmi kọ́ o."

Ṣubúọlá ò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Bẹ́ẹ̀ náà lẹ wí nígbà tèmi," ó ní.

Pọ̀sí kúrò lára ògiri. Ó wá kúnlẹ̀ síwájú Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe pé ó ń bẹ̀ ẹ́. Ó fẹ́ rí ojú rẹ̀ ni.

"Dádì Èjìgbò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ṣé Àǹtí Ṣubúọlá sọ fún yín lóòótọ́ pé irọ́ làwọn pa? Bí wọ́n bá sọ ọ́, èmi náà á jókòó sílé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ ṣáà sọ fún mi."

Ẹ̀gbọ́n wò mí. N kò ràn án lọ́wọ́. Alàgbà ò lè dọ̀bálẹ̀ mọ́, ẹ̀yìn ń ro ó; ó fọwọ́ ti káápẹ́ẹ̀tì, ó dìde jókòó láìjẹ́ pé ẹnì kankan ní kó dìde. Ẹ̀gbọ́n ń wò ó bó ṣe ń wá fìlà rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n náà ti darúgbó. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ò le mọ́.

"Kò sọ ọ́," ó ní. "Inú yàrá ló wà, ó ń sunkún, n ò tiẹ̀ wọlé lọ bá a. Akọ̀wé lásán ni mí nídìí ẹrù bàlúù nígbà yẹn. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wá dọ̀bálẹ̀ fún mi nínú yàrá kan tí mo háyà. Orí mi wú. Mo ní kí wọ́n dìde. Ìgbà tí wọ́n dìde tán, ojú ò jẹ́ kí n yí i padà mọ́. Èmi ni mo lọ sọ fún ilé-ẹ̀kọ́ pé àbúrò mi jẹ́wọ́ irọ́. Ṣubúọlá, ìwọ ò parọ́. Èmi ni mo parọ́ mọ́ ọ."