Àwọn Tó Kọ̀wé Fiṣẹ́ Sílẹ̀ Nítorí Àgbọ̀nrín

Oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n sọ fún wa pé àwọn máa ti ilé iṣẹ́ bàtà wa pa ní ìparí oṣù Kọkànlá. Wọ́n kó àwa bí àádóje jọ sínú yàrá tí a ti ń jẹun ọ̀sán, wọ́n fún wa ní dónọ́ọ̀tì, wọ́n ní inú àwọn bàjẹ́ gan-an. Mo jẹ méjì. Inú tó bàjẹ́ yẹn ò dí ọ̀nà ọ̀fun mi.

Lọ́jọ́ kejì, Brenna Pratt, ọmọbìnrin tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní ọ́fíìsì, pín ìwé ká gbogbo tábìlì. Ẹni tó bá kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ kí oṣù Kẹwàá tó parí, ilé iṣẹ́ á fún un ní owó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́bùn lójú ẹsẹ̀, á sì máa lọ sílé. Ẹni tí kò bá kọ ọ́, kó máa ṣiṣẹ́ lọ títí wọ́n á fi ti ilẹ̀kùn.

Ẹni tó hùmọ̀ ìwé yẹn mọ̀ wá dáadáa. Ní ìpínlẹ̀ Maine níbí, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá ni ìjọba máa ń ṣí igbó fún ọdẹ àgbọ̀nrín. Ọkùnrin ìlú wa lè gbàgbé ọjọ́ ìbí ìyàwó rẹ̀, kò jẹ́ gbàgbé ọjọ́ yẹn. Ta ló máa jókòó ti abẹ́rẹ́ àti awọ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà nínú igbó?

Delmar Thurlow ló jókòó tì mí. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti fi ń rán bàtà níbẹ̀. Èmi ń gé awọ, ọdún mọ́kàndínlógún. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni Delmar, orúnkún rẹ̀ kan ti bàjẹ́, kò sì tíì san owó báńkì tó fi kọ́lé tán. Bí òjò dídì bá bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa gba irú rẹ̀ síṣẹ́ títí ìgbà ooru. Royce ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nídìí ẹ̀rọ tó ń tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Royce ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, ló bá wá dúró sórí àbúrò rẹ̀.

"Fọwọ́ sí i jàre. Àbí o fẹ́ kí àgbọ̀nrín wá bá ọ nídìí tábìlì ni?"

Mo ní, "Royce, jẹ́ kó kà á ná."

"Lọ́yà Lorna ti dé o! Awọ ni wọ́n ní kó o máa gé, wọn ò ní kó o dá sí ọ̀rọ̀ tẹ̀gbọ́n tàbúrò."

Delmar rẹ́rìn-ín, ó sì fọwọ́ sí i. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kẹwàá ni. Àwọn mọ́kànlélógójì ló lọ lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ̀bùn yẹn ò yé mi. Ilé iṣẹ́ tó ń ka iye ìṣẹ́jú tí a ń lò nílé ìgbọ̀nsẹ̀, ìgbà wo ló di ọlọ́rẹ? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, mo pe ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ní Augusta. Lẹ́yìn tí mo ti gbọ́ dùùrù lórí fóònù fún ogójì ìṣẹ́jú, obìnrin kan gbé e.

"Ẹ̀yin mélòó lẹ wà níbẹ̀?"

"Bí àádóje."

"Ẹ ju ọgọ́rùn-ún lọ, òfin mọ̀ yín. Bí wọ́n bá ti ilé iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ pa, owó ọ̀sẹ̀ kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan tó fi ṣiṣẹ́ ni wọ́n máa san fún ẹni tó bá ti lo ọdún mẹ́ta sókè. Ẹ̀bùn kọ́ o, òfin Maine ni."

"Àwọn tó ti gba ti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ńkọ́?"

Ó mí kanlẹ̀. "Ta ló fi ta sílẹ̀, mà? Bí iṣẹ́ bá fi èèyàn sílẹ̀, iṣẹ́ á sanwó. Bí èèyàn bá fiṣẹ́ sílẹ̀, ó parí nìyẹn. Ẹ ka ìwé yẹn dé ìsàlẹ̀ fún mi."

Mo kà á. Nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́tà tó kéré bí ẹsẹ̀ èèrà wà níbẹ̀: ẹni tó fọwọ́ sí i lè kọ̀wé mú un padà láàárín ọjọ́ méje. Mo fi ìka ka ọjọ́ láti ìgbà tí Delmar ti fọwọ́ sí i. Ọ̀la ló pé.

Nígbà tí mo dé ilé Delmar, òun àti Royce ń di ẹrù sínú ọkọ̀: ìbọn, bùláńkẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wà, kọfí. Ahéré ọdẹ wọn wà lápá àríwá, ìrìn wákàtí mẹ́rin. Mo ro ẹjọ́ mi. Royce bú sẹ́rìn-ín.

"Owó ọ̀sẹ̀ mọ́kànlélọ́gbọ̀n? Fún ẹni tó ti lọ sílé? Ilé iṣẹ́ wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Èyí tí òfin bá mú."

"Lorna, mo ti fọwọ́ sí i, mo sì ti bọ ọmọbìnrin ọ́fíìsì yẹn lọ́wọ́. Bàbá wa ò bí ayẹhùn."

Delmar wò mí. "Ọ̀la lọjọ́ keje?"

"Ọ̀la ni. Tó o bá mú un padà, wàá dá owó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin wọn padà, wàá wá síbi iṣẹ́ ní Mọ́ńdè, wàá sì máa wá títí wọ́n á fi tì í."

"A jẹ́ pé kò sí ahéré lọ́dún yìí." Ogójì ọdún ló ti ń lọ.

"Gbọ́ o," Royce ní, kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Tó o bá ṣe é, má dé ahéré yẹn mọ́. Lọ́dún yìí àti lọ́dún tó ń bọ̀. Mi ò lè máa ṣàlàyé ẹ fáwọn èèyàn."

Delmar nawọ́ sínú ọkọ̀. Ó mú ìbọn rẹ̀ jáde, ó gbé e wọlé. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé n kò lè kí i pé ó ṣeun.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó kọ ìlà mẹ́rin, ó gbé e lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, ó gba rìsíìtì tó ní déètì. Ní Mọ́ńdè, ó ti jókòó kí n tó dé. Brenna sáré wá.

"Ọ̀gbẹ́ni Thurlow, ẹ ti kúrò níbí o!"

"Mo ti padà."

"Ẹ ti fọwọ́ síwèé."

"Mo sì ti mú ọwọ́ mi padà."

Ó lọ tẹ àwọn ọ̀gá rẹ̀ láago. Ó pẹ́ lórí fóònù. Nígbà tó máa jáde, òwú ìránbàtà ló gbé wá fún un.

Nínú àwọn mọ́kànlélógójì, òun nìkan ló padà. Àwọn tó kù ń gbé àgbọ̀nrín kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa, wọ́n á tẹ fèrè ọkọ̀, wọ́n á pariwo "Ayẹhùn!" Ti Royce ló tóbi jù, ìwo rẹ̀ pẹ̀ka mẹ́wàá, wọ́n sì gbé fọ́tò rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn ìlú.

Wọ́n ti ilẹ̀kùn pa. Nínú oṣù Kejìlá, owó dé: ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n fún Delmar, mọ́kàndínlógún fún èmi.

Nínú oṣù Kejì, mo wà lọ́dọ̀ Delmar, à ń mu kọfí, nígbà tí Royce kanlẹ̀kùn. Kò tíì wọ ilé yẹn láti oṣù Kẹwàá. Ẹsẹ̀ ló fi rìn wá nínú òjò dídì. Ó ti ta ọkọ̀. Ó jókòó, ó ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́.

"Delmar, ìwé tó o kọ sí wọn nígbà yẹn, ṣé ẹ̀dà rẹ̀ wà?"

Delmar lọ mú un wá. Ìlà mẹ́rin péré ni, Royce sì pẹ́ lórí rẹ̀, ó ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ọjọ́ méje ni wọ́n fún wa, ẹ̀gbọ́n mi," Delmar ní, ohùn rẹ̀ rọ̀.

"Mo mọ̀." Royce ká ìwé náà, ó dá a padà fún un. "Mo kàn fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ni."