Ọwọ́ Ìyá Mi Nínú Àpótí Fáólìn

Kí ọlá máa pọ̀ sí i fún ẹni tó mọ ìgbà tí a kì í pàtẹ́wọ́! Ọgbọ́n rẹ̀ ju ti ọba lọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló kún gbọ̀ngàn orin tí mo ti bá ara mi lójú àlá, èmi àti ìyá mi. Àwọn onífáólìn àti ẹgbẹ́ akọrin ṣe orin àtijọ́ kan tó dùn bí oyin. Bí wọ́n ṣe sinmi díẹ̀, ìyá mi pàtẹ́wọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi!"

Àṣé orin kò tíì parí. Gbogbo gbọ̀ngàn fi ìka sẹ́nu, wọ́n ní, "Ṣìì!"

"Ẹni tó ń làágùn báyìí, ṣé a kì í kí i ni?" ni ìyá mi dá wọn lóhùn.

Adarí orin sọ̀kalẹ̀. "Màmá, ẹ bọ́ ọwọ́ yẹn."

Ìyá mi bọ́ ọwọ́ méjèèjì bí ìbọ̀wọ́, wọ́n ti ọwọ́ náà mọ́ inú àpótí fáólìn. Nígbà tí orin àtijọ́ náà parí, orin òde òní bẹ̀rẹ̀, ó ń dún bíi páànù tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé inú gbọ̀ngàn ń mi orí pé ó dùn. Ọwọ́ ìyá mi ṣì ń pàtẹ́wọ́ nínú àpótí.

"Àkànní, bá mi gba ọwọ́ mi," ni ìyá mi wí fún mi.

Gbogbo ojú yí sí mi. Èmi náà fi ìka sẹ́nu, mo ní, "Ṣìì!"

Ibẹ̀ ni mo jí.