Táyà Abẹ́ Ọkọ̀ Àwọn Agbẹ̀bí

Làsísì jórinjórin kì í kọ iṣẹ́, àmọ́ lọ́jọ́ tí Nọ́ọ̀sì Olúfọlákẹ́ Sànyà wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Agége, díẹ̀ ló kù kó kọ̀. Ọdún 1956 ni. Ilé ìgbẹ̀bí kan ní Ìkẹjà ló ni Lándírófà tí nọ́ọ̀sì náà bá wá. Ọkọ̀ yìí ni wọ́n fi ń wọ inú oko lọ gbé àwọn aboyún tí ara ń ni, láti Òpèbí títí dé ẹ̀yìn Abúlé Ẹ̀gbá, níbi tí ọkọ̀ mìíràn kò lè dé. Ọkọ̀ náà dára. Táyà kan péré ló ń dà wọ́n láàmú, ìyẹn sípíà, táyà karùn-ún tí wọ́n ń gbé kiri de ọjọ́ tí ọ̀kan nínú mẹ́rin bá jò.

"Ẹ wò ó, Bàbá Sàídátù," ni nọ́ọ̀sì wí, ó sì ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀. "Ibí ló ń wà. Bó bá ti wà níbẹ̀, aboyún kò lè na ẹsẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, láti Òpèbí dé Ìkẹjà ni obìnrin kan ká jọ sínú ọkọ̀ yìí bí ìgbín."

"Ẹ gbé e sórí ẹ́ńjìnnì níwájú. Mo ti rí i bẹ́ẹ̀ lára àwọn mìíràn."

Nọ́ọ̀sì yíjú wo Dàwódù, awakọ̀ wọn. Dàwódù mọ ọkọ̀ wà dáadáa, àmọ́ Ọlọ́run dá a ní kúkúrú.

"A ti gbé e síbẹ̀ rí," ni Dàwódù sọ, ojú ń tì í díẹ̀. "Táyà ni mò ń rí, mi ò rí ọ̀nà. Ewúrẹ́ ìyá kan ní Òjòdú ló bá ọ̀rọ̀ yẹn lọ."

Làsísì rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. "Abẹ́ ọkọ̀ lẹ wá fẹ́ kí n gbé e sí nìyẹn?"

"Abẹ́ ọkọ̀ ni. Táyà ńlá yìí gan-an, ẹ má bá mi wá kékeré kankan."

Làsísì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ ọkọ̀, ó mi orí. "Ohun tó jẹ́ kí ọkọ̀ yín lè kọjá lórí kùkùté ni pé ikùn rẹ̀ jìnnà sílẹ̀. Bí mo bá so nǹkan mọ́ ọn níbẹ̀, mo sọ ọ́ di abo ẹlẹ́dẹ̀ tó fẹ́ bímọ nìyẹn."

"Torí àwọn tó fẹ́ bímọ náà la ṣe wá."

Sùlíyá ìyàwó rẹ̀, tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Bàbá Sàídátù, nígbà tí mò ń rọbí Sàídátù, ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ológeere lẹ gbé mi sí, ẹ ń sọ fún mi pé kí n di yín mú dáadáa. Ẹ ṣe iṣẹ́ náà fún wọn."

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Làsísì fi sùn sórí ẹní lábẹ́ Lándírófà. Okùn ló fi wọn ibẹ̀, nítorí bàbá rẹ̀ tó jẹ́ alágbẹ̀dẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò fi ohun mìíràn wọn nǹkan. Ó rí àyè láàárín àwọn irin ńlá méjì tó gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ dúró. Ó jó irin pọ̀ bí àtẹ, ó fi irin tí ìlẹ̀kùn fi ń ṣí tó fi ń padé so iwájú rẹ̀ mọ́ ọkọ̀, ó sì fi bóòtù gígùn méjì, irin tí à ń fi sípánà tú, gbé ẹ̀yìn rẹ̀ ró. Béèyàn bá tú bóòtù, àtẹ náà á já wálẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀yìn, táyà á sì yọ́ jáde. Ó rí i pé páìpù èéfín kò sún mọ́ ọn, kí iná má baà jó rọ́bà. Nígbà tó parí, Dàwódù gun orí òkìtì ilẹ̀ pupa tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀mẹta, nǹkan kan ò sì kan ilẹ̀. Inú Làsísì dùn débi pé ó ń fi àkísà nu irin tí kò dọ̀tí.

"Ó ku ẹyọ kan," ni nọ́ọ̀sì wí. "Lọ́la à ń lọ sí oko kan lẹ́yìn Abúlé Ẹ̀gbá. Ẹ máa bá wa lọ."

"Èmi? Ṣé agbẹ̀bí ni mí ni?"

"Ẹ̀yin lẹ so táyà. Bó bá já sọ́nà, ẹ̀yin lẹ máa rù ú."

Aboyún tí wọ́n lọ gbé ń jẹ́ Fàúsát. Oyún àkọ́kọ́ rẹ̀ ni, ó sì ti ń rọbí láti ìdájí. Nùréènì ọkọ rẹ̀, àgbẹ̀ tó ń gbin ẹ̀gẹ́, ò lè sọ ju "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́" lọ. Wọ́n tẹ́ ẹní sẹ́yìn ọkọ̀, Fàúsát dùbúlẹ̀, ó sì na ẹsẹ̀ méjèèjì gbọnrangandan. Làsísì rí i, ó sì rọra rẹ́rìn-ín músẹ́. Nùréènì náà wọ iwájú ọkọ̀ bá òun àti Dàwódù.

Wọn ò tíì jìnnà sílé Nùréènì, wọ́n dé ibi tí omi odò ti rin ilẹ̀, ni wọ́n bá gbọ́ gbùà! Táyà ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì bẹ́. Ọkọ̀ dẹ̀gbẹ́.

Làsísì bọ́ sílẹ̀ tayọ̀tayọ̀, sípánà lọ́wọ́. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀. Kò pẹ́ tó fi rá jáde padà láìtú nǹkan kan.

"Kí ló dé?" ni Dàwódù bi í.

"Ọkọ̀ ti jókòó lé e."

"Ó jókòó lé kí ni?"

"Táyà. Kò sí àyè tí àtẹ máa já sí."

Nígbà náà ló yé e. Ilẹ̀ líle ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, afẹ́fẹ́ sì kún táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nígbà tó ń dán an wò. Kò rò ó pé ọjọ́ tí èèyàn nílò sípíà, ọjọ́ yẹn gan-an ni ọkọ̀ kò ní lè nàró. Ojú tì í gan-an. Wọ́n gbé jáàkì sílẹ̀ láti fi gbé ọkọ̀ sókè, jáàkì sì ń rì sínú ẹrẹ̀ bí ṣíbí nínú ògì.

Fàúsát figbe ta nínú ọkọ̀. Nọ́ọ̀sì yọ orí síta. "Gbogbo ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ kọjú sígbó! Ọmọ yìí kò ní dúró dè yín. Kí ẹnikẹ́ni má sì mi ọkọ̀ yìí!"

Làsísì di èjìká Nùréènì mú. "Ìlẹ̀kùn ilé yín, ṣé ó ṣeé yọ?"

"Ìlẹ̀kùn kẹ̀?"

"Ìlẹ̀kùn. Mú ọkọ́ dání pẹ̀lú. Sáré!"

Ó sáré lọ, ó sì gbé ìlẹ̀kùn pákó dé lórí, ọkọ́ lọ́wọ́. Wọ́n tẹ́ ìlẹ̀kùn sórí ẹrẹ̀, wọ́n gbé jáàkì lé e, ó dúró gbọin. Wọn ò gbé ọkọ̀ sókè o; wọ́n kàn fi jáàkì gbé e ró kó má rì mọ́. Làsísì wá dùbúlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ń fi ọkọ́ gbẹ́ kòtò díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ àtẹ náà. Ó ń gbọ́ ohùn nọ́ọ̀sì lókè orí rẹ̀: "Mí sínú. Ó dáa. Ó tún kù díẹ̀." Ó tú bóòtù kìíní. Ó ń tú èkejì lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ ké, kedere, lókè ojú rẹ̀ gan-an, irin pẹlẹbẹ kan péré ló wà láàárín wọn. Làsísì ò mira. Ẹrẹ̀ wà ní etí rẹ̀, bóòtù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín fún ìdí ọkọ̀.

"Obìnrin ni!" ni nọ́ọ̀sì kígbe. "Ara ìyá le!"

Nùréènì jókòó sórí ìlẹ̀kùn rẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ń sọ "Alhamdulillahi" láìdákẹ́. Nọ́ọ̀sì di ọmọ náà mọ́nú aṣọ, ó sì ní kí wọ́n máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Àtẹ já sínú kòtò, wọ́n fa táyà jáde, wọ́n rọra gbé ọkọ̀ sókè, wọ́n fi pààrọ̀ èyí tó bẹ́, ọkọ̀ sì gbéra lọ sí Ìkẹjà.

Lọ́nà, Làsísì ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú. Mo ṣàṣìṣe."

"Ẹ ṣàṣìṣe lóòótọ́," ni ìyẹn dáhùn. "Àmọ́ ká ní inú ọkọ̀ ni táyà yẹn wà, níbo ni mi ò bá kúnlẹ̀ sí?"

Ọjọ́ kejì, Làsísì tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Ó gbé àtẹ náà sókè sí i ní ìbú ọwọ́ kan, ó sì ṣe é kó máa yọ́ jáde sẹ́yìn bí àpótí tí à ń fà lára tábìlì, kó má nílò àtijá sílẹ̀ mọ́. Ó gé pákó ìrókò kan tó nípọn, kí jáàkì máa rí ibi dúró, ó so ó mọ́ ara ọkọ̀ nínú. Lẹ́yìn náà ló ní kí Dàwódù da omi sílẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù títí yóò fi di ẹrẹ̀, kó gbé ọkọ̀ wọ̀ ọ́, kó sì tú afẹ́fẹ́ táyà ẹ̀yìn kan dànù pátápátá.

"Ẹ fẹ́ bẹ́ táyà mi ni?"

"Tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ dànù, Dàwódù."

Ọkọ̀ dẹ̀gbẹ́ bíi ti àná. Làsísì na ọwọ́ sábẹ́ rẹ̀, ó fà, táyà sì yọ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Sùlíyá gbé ẹ̀kọ àti àkàrà wá fún wọn. Àwọn méjèèjì jókòó jẹun pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára, Dàwódù sì ń bi í bóyá ó lè ṣe àga kan tó máa gbé òun ga díẹ̀ sí i.