Òní Ọjọ́ Mẹ́jọ

"Mọ́mì, ẹjọ́ káfíńtà ò sí lára èyí tí wọ́n fẹ́ gbọ́ lónìí."

Lọ́yà Kékeré ló ń pè láti kóòtù. Akọ̀wé fi èjìká há fóònù mọ́ etí, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì to bébà tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

"Báwo ni ò ṣe ní í sí níbẹ̀? Ọjọ́rú, aago mẹ́sàn-án, kóòtù kẹta. Ó wà lójú kọ̀ǹpútà níwájú mi báyìí."

"Wọ́n ti pè é lánàá."

"Lánàá kẹ̀?"

"Lánàá, Ìṣẹ́gun. Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀mẹta, kò sẹ́ni tó dáhùn. Lọ́yà onílé dìde, ó sọ tẹnu ẹ̀, adájọ́ sì fún un ní gbogbo ohun tó béèrè. Mọ́mì, wọ́n ní kí bàbá yẹn kó jáde ní ṣọ́ọ̀bù láàárín ọ̀sẹ̀ méjì."

Akọ̀wé jókòó. Kò mọ ìgbà tó jókòó. Bébà ń jáde, wọ́n ń já bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò rí wọn.

Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń tọ́jú ọjọ́ ẹjọ́ ní ọ́fíìsì náà. Àtọ̀gá àtọmọṣẹ́, Ìyá Déètì ni wọ́n ń pè é. Láyé ìgbà tí wọ́n ṣì ń lo ìwé ńlá, kò sí lọ́yà tó jẹ́ jáde lárọ̀ọ́ láìkọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí ẹni tó bá lọ sí kóòtù tí Ìyá Déètì kò rán an lọ, ó lọ fẹsẹ̀ najú lásán ni. Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni ọ̀gá ra kàlẹ́ńdà orí kọ̀ǹpútà, èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún àwọn ọ́fíìsì lọ́yà. Tí èèyàn bá ti fi ọjọ́ ẹjọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan, á pín in dé orí fóònù gbogbo lọ́yà, á sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí oníbàárà. Ìyá Déètì kọ́kọ́ bá a jà bí ẹni ń bá orogún jà. Oṣù kejì kò tíì pé tí wọ́n fi di kòríkòsùn. Òun náà ló wá ń kọ́ àwọn tó kù bí wọ́n á ṣe lò ó.

Kò pẹ́ rárá tí káfíńtà fi wọlé. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó lọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun igi ṣì wà ní kọ̀rọ̀ etí rẹ̀. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti fi ń lági ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, yàrá ẹ̀yìn rẹ̀ ló sì ń sùn sí.

"Ìyá, ẹ káàárọ̀ o."

"Ẹ káàárọ̀, bàbá. Ẹ jókòó."

"Mo ti jókòó tó. Láti aago mẹ́jọ ni mo ti jókòó ní kóòtù." Ó na fóònù rẹ̀ sí i. "Ẹ bá mi ka èyí sókè."

Ìyá Déètì kà á. "Ẹjọ́ yín yóò wáyé lọ́la, Ọjọ́rú, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pẹ́."

"Ẹ má pẹ́," káfíńtà tún un sọ. "Mi ò sì pẹ́. Ọjọ́ kan péré ni mo fi pẹ́."

Ìyá Déètì na fóònù padà sí i. Bàbá náà gba fóònù rẹ̀, ó ní òun ń lọ ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù òun, ẹni tí wọ́n fẹ́ lé kì í rìn jìnnà sílé. Ó rọra pa ilẹ̀kùn dé. Ì bá gbá a, ì bá sàn fún obìnrin náà.

Nígbà tó ku òun nìkan, ó ṣí ojú ìwé ẹjọ́ náà lórí kọ̀ǹpútà, ó sì tẹ ibi tí àkọsílẹ̀ ohun gbogbo wà. Ẹ̀rọ náà kì í bo nǹkan mọ́lẹ̀. Ẹni tó fi ọjọ́ sí i: òun. Ìgbà tó fi í sí i: Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá, aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nínú àpótí kékeré tí wọ́n kọ "Ọjọ́ mélòó sí òní?" sí lókè, ohun tó tẹ̀ síbẹ̀ ni mẹ́jọ.

Ó rántí. Lọ́yà Kékeré ló pè é láti kóòtù, ó ń sáré lọ síbòmíràn, ó ní, "Mọ́mì, wọ́n sún ti káfíńtà sí òní ọjọ́ mẹ́jọ o!" Òun náà sì tẹ mẹ́jọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tó lo àpótí náà nìyẹn; déètì gan-an ló ti ń tẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ó ka ọjọ́ lórí ìka. Ìṣẹ́gun ọjọ́ náà, ọ̀kan. Ọjọ́rú, méjì. Ọjọ́bọ̀, mẹ́ta. Ẹtì, mẹ́rin. Àbámẹ́ta, márùn-ún. Àìkú, mẹ́fà. Ajé, méje. Ìṣẹ́gun, mẹ́jọ. Ó pé. Kò sí ibi tí òun ti ṣì í. Kí ló wá gbé e dé Ọjọ́rú?

Ó bá ṣí ojú ìwé mìíràn tí kò ní orúkọ ẹnikẹ́ni. Ó tẹ oókan sínú àpótí náà. Ẹ̀rọ náà dá a lóhùn: ọ̀la.

Bí ẹni bu omi tútù sí i lẹ́yìn ló rí. Ọ̀la ni ẹ̀rọ ń pè ní ọ̀kan! Òní kò sí nínú ìṣirò rẹ̀ rárá. Látìgbà tí wọ́n ti bí Ìyá Déètì, kò sí ẹni tó ka ọjọ́ létí rẹ̀ tí kò bẹ̀rẹ̀ látorí òní. Kóòtù sọ mẹ́jọ tirẹ̀, lọ́yà sọ mẹ́jọ tirẹ̀, òun náà gbà á bẹ́ẹ̀, ó sì gbé e fún ohun tí kò gbọ́ èdè. Ká ní ìwé ńlá ni, yóò ṣí ewé kan, Ìṣẹ́gun yóò bọ́ sábẹ́ Ìṣẹ́gun. Ó fi ọwọ́ bo ojú. Àwọn tó ta ẹ̀rọ náà wá kọ́ wọn ní ọjọ́ méjì gbáko. Ó ní òun ti mọ̀ ọ́n, kò dúró parí ti ọjọ́ kejì.

Ní aago méjìlá, ọ̀gá pè wọ́n. Arúgbó lọ́yà ni ọ̀gá, ohùn rẹ̀ a máa rọ̀ sí i bí inú rẹ̀ bá ṣe ń ru sí i. Lójọ́ náà, èèyàn ní láti tẹ́tí kó tó gbọ́ ọ. Lọ́yà Kékeré jókòó sórí àga, oyún oṣù méje níwájú rẹ̀, ó ti bọ́ bàtà nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú.

"Ọmọ mi, kí lo sọ fún Ìyá Déètì?"

"Òní ọjọ́ mẹ́jọ, sà."

"O wà ní kóòtù. Ìwọ fúnra ẹ kò rántí pé Ìṣẹ́gun ni?"

"Kóòtù mẹ́rin ni mo wọ̀ lọ́jọ́ yẹn, sà. Látìgbà tí ẹ̀rọ yìí ti dé, ohun tó bá wà lórí fóònù mi ni mò ń tẹ̀ lé. Lánàá, ó gbé mi lọ síbòmíràn."

"Ìyá Déètì, kí lẹ kọ?"

"Mẹ́jọ, sà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kóòtù ní mẹ́jọ, ìyẹn ní mẹ́jọ, ẹ̀yin kọ mẹ́jọ. Ẹ wá pa mẹ́jọ mẹ́ta pọ̀, ẹ bí mẹ́sàn-án fún mi."

Ìyá Déètì la ẹnu láti ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ọ̀gá gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ̀rọ ló ṣe é. A ó bẹ adájọ́ kó yí ìdájọ́ náà padà, kó jẹ́ ká rojọ́ wa. Bàbá á búra pé àtẹ̀jíṣẹ́ ló ṣi òun lọ́nà. Ìyá Déètì á búra pé Ìṣẹ́gun ni òun fi sí i, ẹ̀rọ ló gbé e sí Ọjọ́rú. Ó parí. Ẹ̀rọ ò ní ìyá tó máa sunkún."

"Sà," Lọ́yà Kékeré sọ wẹ́rẹ́, "ẹ̀rọ yìí kan náà làwọn lọ́yà onílé ń lò. Wọ́n mọ̀ pé àkọsílẹ̀ ohun tí oníkálukú tẹ̀ wà nídìí ẹ̀. Tí wọ́n bá béèrè fún un ńkọ́?"

"Tí wọ́n bá béèrè, ìwọ lo sọ ọjọ́ lórí eré bí ẹni tí ajá ń lé. Ẹnì kan á sáà gbé ẹ̀bi náà."

"Àmọ́ adájọ́ máa ń gba àṣìṣe akọ̀wé rò, sà. Irọ́ ni kì í gbà. Tó bá ká irọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, kò tún ní fetí sí bàbá yẹn mọ́ láé."

Ọ̀gá yíjú sí fèrèsé. "Tí mo bá kọ ọ́ síwájú adájọ́ pé akọ̀wé ọ́fíìsì mi ò mọ ọjọ́ kà, ta ló máa tún gbé ẹjọ́ wá fún mi? Àti pé akọ̀wé tí mo bá kọ irú ẹ̀ nípa ẹ̀, ṣé á tún padà wá jókòó sí tábìlì yẹn?"

Kò wo Ìyá Déètì bó ṣe ń sọ ọ́. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí obìnrin náà mọ̀ pé ọ̀gá ti mọ̀ pé òun ló ṣe é. Wọ́n ti jọ wà pẹ́ ju kó má mọ̀ lọ. Gbogbo ohun tó kù ni pé kí òun dákẹ́, òun sì dákẹ́. Lọ́yà Kékeré wò ó, ó wò ó títí, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ wá bàtà rẹ̀.

Ìyá Déètì fúnra rẹ̀ ló tẹ ìwé ìbúra méjèèjì. Ìgbà tó kọ "ẹ̀rọ náà ló yí ọjọ́ padà," ó dúró díẹ̀, ó fi àmì ìdánudúró sí i, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Lẹ́yìn náà ló kó ìwé sínú báàgì, ó lọ gba ìbuwọ́lù káfíńtà kí kóòtù tó palẹ̀ mọ́ ní aago mẹ́rin.

Wọ́n ti lẹ ìwé ìdájọ́ mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Nínú ilé, òórùn igi tútù àti gọ́ọ̀mù gbalẹ̀. Bàbá náà ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó ń fá ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù kan.

"Iṣẹ́ lẹ tún ń ṣe, bàbá?"

"Kí ni kí n ṣe? Oní-kọ́bọ́ọ̀dù ò sí nínú ẹjọ́."

Ó nu ọwọ́, ó gbé awò sójú, apá kan awò náà ni ó fi òwú so mọ́ etí. Ó ń ka ìwé náà, ìka rẹ̀ ń tọ ìlà lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ó padà sókè, ó tún kà á.

"Wọ́n ò fi ti fóònù sí i."

"Fóònù wo?"

"Èyí tí mo pè yín. Lọ́jọ́ Ẹtì. Nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́ wọlé, mo ní ó jọ mí lójú, nítorí etí ara mi ni mo fi gbọ́ ọ lẹ́nu adájọ́ pé òní ọjọ́ mẹ́jọ, Ìṣẹ́gun. Mo bá pe ọ́fíìsì. Wọ́n ní, 'Bàbá, ẹ̀yin lẹ ṣì í gbọ́. Ibi tí kọ̀ǹpútà bá sọ, ibẹ̀ la dúró sí.'"

Ìyá Déètì wá inú iyè rẹ̀ títí, kò rí ìpè náà níbẹ̀. Ó máa ń gbé fóònù bí ọgbọ̀n ìgbà lóòjọ́. Ṣùgbọ́n "ibẹ̀ la dúró sí" yẹn, kò sí ẹlòmíràn tó ń sọ ọ́ ní ọ́fíìsì àfi òun. Àwọn lọ́yà a tiẹ̀ máa fi sín in jẹ.

"Ta ló dá yín lóhùn, bàbá?"

Káfíńtà gbá èérún igi kúrò lórí bẹ́ńṣì. "Ohùn obìnrin ni."

"Ohùn obìnrin wo?"

"Ìyá, mi ò sọ pé kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ o. Mo kàn ń sọ ọ́ ni." Ó yọ awò ojú rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ tó bá lè lé èèyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó yẹ kéèyàn gbé e mì. Mo ti wá mọ bó ṣe ń rí kí wọ́n lé èèyàn. Ẹ jẹ́ kí n buwọ́ lù ú, kẹ́ ẹ lè tètè máa lọ."

Ó na ọwọ́ fún bírò. Ìyá Déètì kò fún un.

Ọdún mọ́kàndínlógún tó fi tẹ irú ìwé báyìí ti kọ́ ọ ní ohun tí adájọ́ máa ń wá. Adájọ́ á fẹ́ mọ̀ bóyá bàbá yìí ka ẹjọ́ rẹ̀ sí. Èsì ìbéèrè náà nìyí: ó gbọ́ Ìṣẹ́gun, ó pè, wọ́n lé e padà. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú bébà yẹn, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tó lè gbà á là, bàbá náà alára ló sì fẹ́ gbé e mì.

Ó tẹ́ ìwé náà sórí bẹ́ńṣì. Níbi tí àyè ṣẹ́ kù lókè ibi ìbuwọ́lù, ó kọ ọ́ ní lẹ́tà tó hàn ketekete pé: "Mo pe ọ́fíìsì àwọn agbẹjọ́rò mi lọ́jọ́ Ẹtì, mo sọ pé Ìṣẹ́gun ni mo gbọ́. Akọ̀wé tó ń tọ́jú ọjọ́ ẹjọ́ ló sọ fún mi pé mo ṣì í gbọ́ ni." Ó wá mú ìwé tirẹ̀ jáde láti inú báàgì. Ó pa "Ìṣẹ́gun ni mo fi sí i" rẹ́, ó fa ìlà gba orí "ẹ̀rọ náà", ó kọ "èmi" sókè rẹ̀.

"Ìyá," káfíńtà sọ. "Ọ̀gá yín ńkọ́?"

"Ibi ìtẹ̀wé kan wà ní òdìkejì títì, mo rí i nígbà tí mò ń bọ̀. Wọ́n á tún méjèèjì tẹ̀ fún wa, ká tó lọ búra. Ẹ wọ ṣẹ́ẹ̀tì yín."

Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú báàgì. Àwọn méjèèjì gbọ́ ọ. Ó dún títí ó fi dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Bàbá náà ń de bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀, ìka rẹ̀ ń yọ̀ lára wọn.

"Ṣé adájọ́ á gbà?"

Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń bi Ìyá Déètì ní ìbéèrè, kò sì sí èyí tí kì í dáhùn kí wọ́n tó bi í tán.

"Mi ò mọ̀, bàbá," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká lọ."