Mọ́tò Tí Kò Mu Epo Mọ́

Ìbídùn lá àlá kan ní ìdájí àná, kí omi tó hó lórí iná, ó ti rò ó fún gbogbo ojúlé wa. Ẹ sún mọ́ mi, kí èmi náà rò ó fún yín. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó rín in, ṣùgbọ́n ẹ má fi ọmọ ọlọ́mọ ṣẹ̀sín jù, nítorí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ wà nínú rẹ̀.

Nínú àlá náà, Ìbídùn bá ara rẹ̀ ní ọgbà ilé-iṣẹ́ ọ̀dà tó ti ń ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn. Gbogbo òṣìṣẹ́ tò bí ọmọ iléèwé. Ọ̀gá Gbóyèga, olùdarí wọn, gun orí garawa ọ̀dà kan.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ó ní, "èéfín ti pọ̀ jù láyé. Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dá mọ́tò wọ̀ mọ́. Ṣe ni kẹ́ ẹ jọ máa wọ̀ ọ́ pọ̀. Ẹni tó bá dá wọ̀, olè afẹ́fẹ́ ni!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Jíìpù mẹ́jọ ló gbé ọ̀gá wá sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀kan gbé òun fúnra rẹ̀, ọ̀kan gbé fìlà rẹ̀, ọ̀kan gbé awò ojú rẹ̀, ọ̀kan gbé ìwé tó kọ nípa àǹfààní fífi ẹsẹ̀ rìn. Àwọn mẹ́rin yòókù kàn ń tẹ̀ lé wọn ni, kí àárò má baà sọ àwọn tiwájú.

"Ọ̀gá, jíìpù yín ńkọ́?" ẹnì kan bèèrè láti ẹ̀yìn.

"A ti fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kùn wọ́n," ọ̀gá dáhùn. "Wọn ò lè ba ayé jẹ́ mọ́."

Lóòótọ́, èéfín tó ń jáde ní ìdí wọn ti di aláwọ̀ ewé. Ọ̀rọ̀ náà yé Ìbídùn dáadáa. Gbogbo wọn wúkọ́, wọ́n sì tún pàtẹ́wọ́.

Dìmẹ́jì dúró lábẹ́ igi máńgòrò, ó fẹ̀yìn ti mọ́tò kékeré kan. Ẹ ò mọ Dìmẹ́jì? Òun ló ń po ọ̀dà ní yàrá tó kángun sí ti Ìbídùn. Ọmọkùnrin tó ga, tí ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Tó bá kan ní "ẹ káàárọ̀" lásán, ọkàn Ìbídùn á léfòó bí àkàrà nínú epo gbígbóná. Ọdún mẹ́ta ni ọmọbìnrin yìí ti gbé ọ̀rọ̀ kan sáyà nítorí rẹ̀ tí kò rí ẹnu sọ ọ́. Nínú àlá yìí, wọ́n ti gbé Dìmẹ́jì lọ sí ẹ̀ka Ìsẹ́yìn, kò sì ní padà wá mọ́ láéláé. Àyè kan ṣoṣo ló kù nínú mọ́tò tó fẹ́ fi lọ. Bí Ìbídùn ò bá rí àyè yẹn wọ̀, ọ̀rọ̀ àyà rẹ̀ á bá a dọ́jọ́ alẹ́.

"Dìmẹ́jì, fún mi láyè," ó ní.

"Ó wù mí o, Ìbídùn. Àmọ́ o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ gbàwé ní Ọ́fíìsì Àyè Ìjókòó." Ó fi ẹnu júwe òkè. "Òun nìyẹn."

Ọ́fíìsì náà léfòó lókè igi máńgòrò, tòun ti fèrèsé, tòun ti ẹ̀rọ amúlétutù tó ń kán omi sórí àwọn èèyàn. Àwọn táyà kan tò lójú òfuurufú bí àtẹ̀gùn. Ìbídùn ká aṣọ rẹ̀ mọ́ra, ó ń gun wọ́n lọ.

"Ẹ rọra o, ẹ̀gbọ́n," táyà kẹta sọ. "Mo ti jò."

"Pẹ̀lẹ́, àbúrò," Ìbídùn dá a lóhùn, ó sì bọ́ bàtà rẹ̀.

Alàgbà Oyètádé ló jókòó sídìí tábìlì nínú ọ́fíìsì náà, ó so táì mọ́ ọrùn, ó gbé òntẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ káàárọ̀, sà." Ìbídùn kúnlẹ̀. "Àyè kan ni mo wá gbà."

"Ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún ni?"

"Ibikíbi, sà."

Alàgbà wò ó bí ẹni pé ó bú bàbá òun. "Ibikíbi kẹ̀! Ṣé o ò mọ̀ pé ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún ni àyè ọ̀gá? Gbogbo ẹni tó ti wọlé síbí láàárọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ní kí n kọ àwọn sí. A ti ní kí wọ́n yọ gbogbo àyè tó kù dànù. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló wà nínú mọ́tò wa báyìí."

"Ta ló máa wá wà á, sà?"

"Ìyẹn ò sí nínú ìwé tí wọ́n fún mi." Ó fa ìwé kan yọ, ó gbé òntẹ̀ sókè. "Orúkọ rẹ? Ọjọ́ orí? Ṣé o ti lọ́kọ? Mé..."

Ibi tó ti ń sọ "mé" ni irùngbọ̀n rẹ̀ ti gùn, ìwo méjì yọ lórí rẹ̀, táì sì di okùn ìso. Alàgbà di òbúkọ. Kò ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu, kò sì ya Ìbídùn náà lẹ́nu. Òntẹ̀ ló ṣáà ń retí. Ṣùgbọ́n òbúkọ na ọrùn, ó jẹ ìwé náà tán.

"Sà, ẹ ti jẹ ìwé mi."

"Ó ti wà nínú mi." Òbúkọ ń jẹ àpọ̀jẹ. "Ẹni tí ìwé bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ni àyè. Nítorí náà, èmi ni mò ń lọ sí Ìsẹ́yìn."

"Ẹ dákun, sà. Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe n'Ísẹ́yìn?"

"Ọmọ yìí, ṣé àgbàlagbà lò ń bi bẹ́ẹ̀?"

Ìbídùn ronú díẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n gbé yín sórí ẹsẹ̀, sà. Ìwé á wà nínú yín, ẹ̀yin á wà lórí mi. Àyè kan náà ni."

Òbúkọ rò ó sọ́tùn-ún, ó rò ó sósì, ó ní ó bófin mu, níwọ̀n bó ti jẹ́ pé òun lòun máa wà lókè.

Bí Ìbídùn ṣe gbé e báyìí, ilẹ̀ ọ́fíìsì di ilẹ̀ ọgbà, wọ́n sì ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò Dìmẹ́jì. Àwọn méjì tí wọ́n jọ fẹ́ wọ̀ ọ́ ti dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn: Ìyá Káníyì tó ń tọ́jú ìwé ilé-iṣẹ́, àti Bàbá Lékè tó ń ṣọ́ géètì.

"Ẹ wọlé, Bàbá Lékè. Ẹ̀yin lẹ ṣáájú mi dé ẹnu iṣẹ́."

"Háà! Kí ló bò mí lójú? Ẹ̀yin lẹ dàgbà jù mí lọ, mà."

"Ẹ wọlé jàre."

"Ó di ẹ̀yìn yín, Ìyá Káníyì."

Òjò ọdún kan rọ̀, ó dá. Koríko hù yí ẹsẹ̀ wọn ká. Kálukú ń ní kí èkejì wọlé, kálukú sì fi ara dí ilẹ̀kùn kí èkejì má baà jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún ṣáájú òun.

Nígbà tó sú mọ́tò, ó pariwo: "Ẹ wọlé kí n tó ta gbòǹgbò!"

Gbogbo wọn rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo wọn jókòó sí, ọ̀kan lórí èkejì. Mọ́tò fì bí ẹni tí eyín ń dùn. Dìmẹ́jì náà wà lọ́wọ́ ọ̀tún níwájú, ó ń na ọwọ́ gbọọrọ kó tó lè mú ìdarí ọkọ̀.

"Ó yá, ká lọ," ó ní.

"Kí n fi kí ni lọ?" mọ́tò bi í. "Mi ò mu epo mọ́. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fi pamọ́ ni mò ń mu báyìí, kì í rú èéfín. Ẹ sọ tiyín, kí n máa lọ."

Ìyá Káníyì ló kọ́kọ́ wúkọ́.

"Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni mí," ó ní. "Tó bá di ọ̀rọ̀ ìjókòó, mo máa ń fi mẹ́jọ kún un. Tó bá di ọ̀rọ̀ ìfẹ̀yìntì, mo máa ń yọ mẹ́wàá kúrò."

Mọ́tò ta kìjí, ó jáde ní géètì.

"Àwọn kẹ̀kẹ́ ológeere tí ilé-iṣẹ́ rà fún wa, kí èéfín lè dín kù," Bàbá Lékè kùn, "ilé mi ni wọ́n wà. Aṣọ nìyàwó mi ń sá lé wọn lórí."

Wọ́n dé Mọ́kọ́lá. Ibẹ̀ ni Ọ̀gá Gbóyèga ti sáré bá wọn, ẹsẹ̀ lásán ló fi ń sá. Epo ti tán nínú jíìpù mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ó ń gbá gíláàsì.

"Ẹ gbà mí wọlé! Àyè kan péré!"

"Kí lẹ fi pamọ́, sà?" mọ́tò bi í tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Èmi? Èmi kẹ̀? Ọwọ́ mi mọ́ té-é-é... mé-é-é!"

Òun náà di òbúkọ. Ó yà sẹ́bàá ọ̀nà, ó ń lá ọ̀dà aláwọ̀ ewé kúrò lára jíìpù rẹ̀ bí ẹni ń jẹ koríko. Òbúkọ orí ẹsẹ̀ Ìbídùn wò ó, ó mí kanlẹ̀.

"Èmi ò ka ìwé kankan rí," òun náà jẹ́wọ́. "Láti ọjọ́ tí mo ti dé ọ́fíìsì ni mo ti ń jẹ wọ́n."

Ìyẹn lágbára! Eré tí mọ́tò sá, Mọ́níyà ni wọ́n ti mọ̀ pé àwọn ti kúrò n'Íbàdàn.

"Mi ò mọ mọ́tò wà," Dìmẹ́jì sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń gbé e wá síbẹ̀ fún mi láràárọ̀. Mo kàn máa ń fẹ̀yìn tì í ni."

Ìfẹ́ ò jẹ́ kí Ìbídùn rí àléébù kankan nínú ìyẹn. Mọ́tò tún rìn, ó rìn títí wọ́n fi ń rí páànù àwọn ilé Ìsẹ́yìn lókèèrè. Níbẹ̀ ló dúró gbagidi.

"Ó ku ọmọbìnrin ẹ̀yìn yẹn," ó ní.

Gbogbo wọn yí ojú sí i. Dìmẹ́jì náà yí ojú sí i.

"Sọ ọ́," òbúkọ sọ fún un, "àbí kí n jẹ ẹ́?"

"Dìmẹ́jì," ó ní, "wọ́n fún mi ní ife-ẹ̀yẹ lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní èmi ni mo ro ti ayé jù nílé-iṣẹ́ wa, nítorí pé ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn wá síṣẹ́. Irọ́ ni. Ọkọ̀ ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa. Mo fẹ́ máa gba iwájú ilé yín kọjá ni. Kì í ṣe nítorí ayé. Nítorí tìẹ ni."

Mọ́tò fò sókè, kò sí èéfín, kò sí ariwo. Dìmẹ́jì dìde níwájú, ohùn omi àmù yẹn ló fi sọ̀rọ̀: "Ìbídùn, sún díẹ̀, kí n wá jókòó tì ọ́."

Ìbídùn sún. Ó tún sún. Àyè ọ̀tún tí ẹnikẹ́ni ò jẹ́ fi sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó sún títí orí rẹ̀ fi gbá nǹkan kan gbàà!

Ògiri yàrá rẹ̀ ni. Ilẹ̀ ti mọ́. Ìbídùn há mọ́ ògiri bí ìwé ìpolówó, gbogbo bẹ́ẹ̀dì ṣófo lẹ́yìn rẹ̀, ó tó ẹni mẹ́ta sùn. Ó yíjú wo àyè náà fún ìgbà pípẹ́. Ó fi ọwọ́ na aṣọ ibẹ̀ títí ó fi tẹ́ dáadáa, kò sì sún padà.