Ọkọ̀ Ojú Irin Tí Olóhùn Kéde

Olóhùn ni gbogbo èèyàn ń pe obìnrin náà. Bàbá tó bí i lọ́mọ pàápàá kì í pè é ní nǹkan mìíràn mọ́. Iṣẹ́ tó ń ṣe ló sọ ọ́ lórúkọ. Bí ilé iṣẹ́ kan bá fẹ́ polówó ọṣẹ, bí ìjọba bá fẹ́ káwọn òbí mọ ọjọ́ tí wọ́n máa fún ọmọ wọn lábẹ́rẹ́ àjẹsára, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé ìwé wá. Á wọ yàrá kékeré tí wọ́n fi tìmùtìmù bo ògiri rẹ̀, á ti ilẹ̀kùn, á mu omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀, á sì kà á. Ohùn náà tutù, ó sì máa ń wọni lára. Àwọn aládùúgbò a máa sọ pé bí Olóhùn bá ní òjò ń bọ̀, àwọn á ti ká aṣọ táwọn sá káwọn tó gbójú sókè.

Ohun tó bà á nínú jẹ́ lẹ́yìn náà nìyẹn: wọn kì í gbójú sókè.

Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, nígbà tí ìdìbò ààrẹ ku oṣù mẹ́ta, ẹgbẹ́ òṣèlú Alágogo gbé ìwé olójú kan wá fún un. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí olùdíje àwọn bá wọlé, kí ọdún kan tó yí po, ọkọ̀ ojú irin á tún máa ná ìlú náà. Ọdún kọkànlá nìyẹn tí wọ́n ti ti téṣàn rélùwéè pa. Olóhùn kà á lẹ́ẹ̀mejì, ẹni tó ń gbà á sílẹ̀ ní ó ti dáa, ó bá gbé báàgì rẹ̀, ó relé. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ọkọ̀ tí wọ́n de gbohùngbohùn mọ́ lórí ti ń gbé ohùn rẹ̀ ká gbogbo àdúgbò.

Bàbá rẹ̀ pè é lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni bàbá yìí fi wa ọkọ̀ ojú irin, títí dọjọ́ tí wọ́n ní kí kálukú máa lọ sílé.

“Olóhùn, mo gbọ́ ẹ lójú pópó.”

“Ẹ káàárọ̀, bàbá mi.”

“Ọ̀rọ̀ rélùwéè yìí, ṣé òótọ́ ni?”

Ó ń lọ aṣọ lọ́wọ́, ó fi èjìká há fóònù mọ́ etí, ó sì ti ń pẹ́ débi iṣẹ́. “Òótọ́ ni, bàbá mi. Àbí èmi kọ́ lẹ gbọ́ ni?” Ó rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò tíì rín báyìí látìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú.

Kò sẹ́ni tó sọ fún Olóhùn pé òótọ́ ni. Kò sì bi ẹnikẹ́ni. Lójú tirẹ̀, ó kàn dáhùn ni, bí èèyàn ṣe máa ń ní “a dúpẹ́” fún ẹni tó bá bi í léèrè àlàáfíà. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, bàbá ti kó àwọn márùn-ún tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ nígbà kan jọ. Ẹni tó sún mọ́ ọn jù nínú wọn ni Alásíá, tó fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n gbé àsíá sókè fún ọkọ̀ ní téṣàn yẹn. Òun àti bàbá Olóhùn dà bí ìgbín àti ìkarahun. Gbogbo àárọ̀ Sátidé ni wọ́n ń kó àdá àti ọkọ́ lọ síbẹ̀, wọ́n ń ṣán igbó, wọ́n ń kun àwọn ìjókòó lọ́dà. Bí ẹnì kan bá fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, bàbá á ní, “Ọmọ mi ló kà á. Ọmọ mi kì í purọ́.”

Olùdíje Alágogo wọlé. Ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn ìyẹn, òjò rọ̀ mọ́jú. Alásíá fẹsẹ̀ tẹ pákó kan tó ti rẹ létí pèpéle téṣàn, pákó yọ̀, ó já lulẹ̀ sórí irin. Egungun ìbàdí rẹ̀ fọ́. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un lẹ́ẹ̀mejì, kò tún fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dìde mọ́.

Ọdún kan pé, ó di méjì. Kò sí ọkọ̀ tó dé, kò tiẹ̀ sí ẹni tó wá wo ibẹ̀. Igbó padà sáyè rẹ̀. Bàbá kò dárúkọ rélùwéè mọ́, kò sì yọjú sílé Alásíá látìgbà tí wọ́n ti gbé ìyẹn dé láti ilé ìwòsàn. Bí Olóhùn bá bi í, á ní oòrùn ti mú jù, tàbí pé ara òun ò le. Olóhùn rò pé àwọn ọmọ Alásíá ló bá a jà. Kò tọ pinpin rẹ̀. Òun náà kò lọ kí arúgbó náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ojú ń tì í.

Ìdìbò mìíràn wá ku oṣù méjì. Kò sí ògiri tó rí ara gba nǹkan mọ́. Bí ẹgbẹ́ Aláàtẹ̀gùn bá lẹ àwòrán olùdíje wọn láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán, ojú ti Ẹlẹ́yẹlé á ti bò ó, Alágogo á sì bo àwọn méjèèjì nírọ̀lẹ́. Olùdíje kan ń jó lórí pèpéle, òmíràn ń gbé ọmọ ọlọ́mọ kí wọ́n lè ya òun ní fọ́tò. Aránṣọ tó wà ní ìkángun àdúgbò ti pa aṣọ oníbàárà tì, fìlà ẹgbẹ́ ló ń rán tàárọ̀ tọ̀sán.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ Alágogo wọlé tọ Olóhùn wá níbi iṣẹ́, fáìlì wà lábíyá rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n wa, iṣẹ́ ti dé o! Èyí tẹ́ ẹ kà fún wa lọ́jọ́sí náà ni, a kàn tún un tò díẹ̀.”

Olóhùn ka ìwé náà sínú. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: “Iṣẹ́ ojú irin tí a ti bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ ká jọ parí rẹ̀.”

“Akọ̀wé, ibo lẹ ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀?”

“Ètò rẹ̀ ti wà lórí ìwé.”

“Lórí ìwé?”

“Ẹ̀gbọ́n, kíkà ni tiyín, ṣíṣe ni tiwa.”

“Mi ò ní í kà á.”

Akọ̀wé wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó dá ìwé rẹ̀ padà sínú fáìlì. “Kò burú,” ló wí. “Kò tiẹ̀ burú rárá.”

Ara Olóhùn fúyẹ́ lọ́jọ́ náà bíi pé wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni. Lọ́jọ́ kẹrin, ó jókòó ní pálọ̀ bàbá rẹ̀, ó ń bó ọsàn fún un, ló bá gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń bọ̀ láti òpin òpópónà. Ohùn àtijọ́ ni. Wọ́n ti gé “kí ọdún kan tó yí po” kúrò, wọ́n sì so ìyókù mọ́ ohùn ẹlòmíràn.

Bàbá sọ ọsàn ẹnu rẹ̀ sínú àwo. “O tún kà á?”

“Rárá, bàbá mi! Ti àtijọ́ ni. Mo kọ̀ fún wọn.”

“Hẹn.” Ó tẹ́tí títí ọkọ̀ náà fi kọjá. “Ohùn rẹ ṣì dùn.”

Ká ní ó gbá a létí ni, ì bá sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Olóhùn kò jókòó mọ́. Ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ló gbà lọ. Àwọn obìnrin ń ká ẹ̀wù tí wọ́n ya agogo sí sínú páálí, fóònù mẹ́ta ń dún lẹ́ẹ̀kan náà, Akọ̀wé ń fi bírò pupa sàmì sí àwòrán orílẹ̀-èdè tó wà lára ògiri.

“Ẹ yọ ohùn mi kúrò níta.”

“Ẹ ti tọwọ́ bọ̀wé, ẹ̀gbọ́n. Ti ẹgbẹ́ ni ohùn yẹn.”

“Irọ́ lẹ fi ń pa fáyé.”

Akọ̀wé gbé bírò sílẹ̀. Kò jágbe mọ́ ọn o, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló sọ ọ́. “Nígbà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà á, ṣé ẹ bi wá bóyá òótọ́ ni?”

Olóhùn yanu. Gbogbo ohùn tí ìlú fi ń sọ ọ́ lórúkọ, kò rí ìkankan níbẹ̀. Ó jáde.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gbé e délé Alásíá. Arúgbó náà wà lórí àga onítáyà, níwájú fèrèsé. Olóhùn kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì.

“Bàbá, bàbá mi ò purọ́ fún yín. Èmi ni mo ní òótọ́ ni, mi ò sì mọ nǹkan kan. Ẹ forí jì mí.”

“Dìde, kí orúnkún má baà dùn ẹ́.” Alásíá dúró títí ó fi jókòó. “Ta ló sọ fún ẹ pé mo gbà á gbọ́? Wọ́n ti hú irin lápá ibi afárá tipẹ́tipẹ́, mo fojú ara mi rí i. Ibo lọkọ̀ fẹ́ gbà?”

“Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi ń bá wọn ṣán igbó?”

“Bàbá rẹ ń súfèé,” Alásíá wí. “Látọjọ́ tí wọ́n ti ti téṣàn, mi ò gbọ́ súfèé lẹ́nu rẹ̀. Ó wá ń ṣán igbó, ó ń súfèé bí ọmọdé. Kí n wá ní kó dákẹ́?”

Ó fọwọ́ pa itan rẹ̀ tó ti gbẹ. “Ẹsẹ̀ yìí kọ́ ló dùn mí. Mo máa ń rí i láti ojú fèrèsé yìí. Á dé ẹnu géètì, á dúró, á tún máa lọ. Mo lè pè é. Ẹnu mi ò gbà á. Mo ń bínú, mo ní òun ló yẹ kó wọlé wá. Agídí àgbà, ọmọ mi.”

Nígbà tí Olóhùn ròyìn fún bàbá rẹ̀, bàbá dìde. Ó bọ́jú, ó wọ bàtà, ó ní, “Jẹ́ ká lọ.” Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n débẹ̀, ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, kò lè gbẹ́sẹ̀.

Alásíá wò ó láti òkè délẹ̀. “Ṣé ó di ìgbà tí mo bá gbé àsíá sókè kó o tó wọlé ni?”

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gùn, ó di ẹkún, Olóhùn sì yíjú sí ògiri.

Látọjọ́ náà, bàbá kì í pa ibẹ̀ jẹ. Wọ́n á jókòó, wọ́n á máa jiyàn lórí ọkọ̀ wo ló pẹ́ ní ọdún wo. Bí ọkọ̀ onígbohùngbohùn bá ń kọjá, Alásíá á ní kí wọ́n bá òun ti fèrèsé. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré ni wọ́n rí lò bẹ́ẹ̀. Òtútù àyà mú Alásíá, ó sì kú nígbà tí ìdìbò ku ọjọ́ méjìlá.

Olóhùn ṣì ń ka ìkéde. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ wá báyìí, Olóhùn á kọ́kọ́ bi í pé, “Ta ló lè jẹ́rìí sí i?” Àwọn oníbàárà kan ti gbé iṣẹ́ wọn lọ síbòmíràn. Kò bínú sí wọn.

Nígbà tí wọ́n sin Alásíá tán, òun àti bàbá rẹ̀ jọ fẹsẹ̀ rìn padà sílé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú ń gbé àga oníke sọ̀ kalẹ̀ fún ìpàdé ìrọ̀lẹ́. Bàbá ò wò wọ́n.

“Ọdún mẹ́ta ààbọ̀,” ló wí. “Ọdún mẹ́ta ààbọ̀ ni mo fi dúró sẹ́nu géètì yẹn, Olóhùn.”

Ọmọ náà di apá rẹ̀ mú. Kò fi í sílẹ̀ títí wọ́n fi délé.