Ọwọ́ Òsì Ọ̀gá Pákó

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi ṣe ọ̀gá ẹgbẹ́ Síkáòtù àdúgbò wa, láìgba kọ́bọ̀. Ó gun òkè, ó la odò kọjá, ó sùn nínú igbó tí òjò ń rọ̀ lé e lórí, kò sí èyí tó ṣe é ní nǹkan kan. Àpótí ìjókòó inú ilé ìdáná rẹ̀ ló ṣe é. Ó gùn ún láti mú agolo ṣúgà lórí pẹpẹ, àpótí yẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi dá. Èmi ni mo kan àpótí náà. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń sọ fún un pé n óò wá tún ẹsẹ̀ àpótí náà ṣe lọ́la.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nílé ìwòsàn, kò bú mi. Ìbá bú mi, ọ̀rọ̀ ìbá tán síbẹ̀. Ó kàn fi fèrè rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n bá òun mójú tó àwọn ọmọ náà fún oṣù mẹ́ta. Ó ṣàlàyé pé wọn a máa ti ẹgbẹ́ tí kò bá ní ọ̀gá pa. Alábẹ̀wò kan ń bọ̀ ní òpin oṣù kẹta láti wá wo ọ̀gá tuntun. Bí ọ̀gá náà kò bá yege, wọn yóò kó àwọn ọmọ méjèèjìlélógún lọ sí ẹgbẹ́ tó wà ní òpin ìlú lọ́hùn-ún, ìdajì àwọn òbí wọn kò sì ní lè máa gbé wọn dé ibẹ̀. Ibi tó sọ ọ́ dé nìyẹn tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. N kò rí omijé ẹ̀gbọ́n mi láti ìgbà tí a ti wà lọ́mọdé. Ẹnu mi ti gbà kí etí mi tó gbọ́ ọ̀rọ̀ tán.

Kí ẹ mọ irú ẹni tó gbà. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni mí. Mo fẹ́ràn pákó nítorí pé pákó kì í béèrè ọ̀rọ̀. Inú mi tètè máa ń ru, ariwo ọmọdé kì í sì í jẹ́ kí n rántí iye ẹsẹ̀ bàtà tí mo wọ̀n.

Ohun kejì ni pé ọlọ́wọ́ òsì ni mí, ìyá wa kò sì gbà bẹ́ẹ̀ rí. Ní kékeré, bí mo bá na òsì sí oúnjẹ, ṣíbí onígi ìyá wa ti dé orí rẹ̀. Bí mo bá fi kí àlejò, ṣíbí. Bí mo bá fi kọ̀wé, ṣíbí. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, à á fi òsì fà á mọ́ra. Ìyá wa mọ ìdajì àkọ́kọ́ òwe yẹn dáadáa. Bí mo ṣe dàgbà nìyẹn: ọ̀tún ni mo fi ń jẹun, ọ̀tún ni mo fi ń kí ènìyàn, ọ̀tún ni mo fi ń kọ ìwé tí ẹnikẹ́ni kò lè kà. Inú ṣọ́ọ̀bù mi nìkan ni òsì ti máa ń jáde ṣiṣẹ́. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni mí, mo ti ní ọmọ-ọmọ, ṣùgbọ́n bí ìyá wa bá yọjú sí ṣọ́ọ̀bù, ńṣe ni ayùn á fúnra rẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, mo wọ gbọ̀ngàn tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, níbi tí wọ́n ti ń pàdé. Àwọn ọmọ ti tò sí ìlà méjì, wọ́n so aṣọ ọrùn wọn, ó gún régé. Ẹni tó wà níwájú na ọwọ́ òsì sí mi pé òun fẹ́ kí mi.  Mo wo ẹnu ọ̀nà bóyá ìyá wa ń bọ̀, mo sì na ọ̀tún. Ọmọ náà kò gbé òsì rẹ̀ kúrò, èmi náà kò gbé ọ̀tún mi kúrò, a dúró síbẹ̀ bí àwọn tó ń bára wọn dúnàádúrà. Ni gbogbo gbọ̀ngàn bá bú sẹ́rìn-ín.

Ọmọbìnrin apòògùn àdúgbò wa, ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n ń pè ní Ìbéèrè, ló là mí lóye. Ó ní òsì ni àwọn Síkáòtù fi ń kí ara wọn, nítorí òun ló sún mọ́ ọkàn. Ó wá béèrè bóyá wọn kò kọ́ mi nílé ni. Mo ní wọ́n kọ́ mi, wọ́n tún kọ́ mi jù. Ọ̀sẹ̀ kejì dé, mo tún na ọ̀tún. Ọ̀sẹ̀ kẹta, bákan náà. Wọ́n sọ mí ní Ọ̀gá Pákó, wọ́n ní ọwọ́ mi le bíi pákó, kò ṣeé tẹ̀.

Ṣùgbọ́n okùn gan-an ni ìṣòro mi. Alábẹ̀wò yóò ní kí ọ̀gá àti àwọn ọmọ ta oríṣiríṣi kókó, n kò sì mọ̀ ju èyí tí mo fi ń so pákó mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Mo gbé ìwé ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo ti ilẹ̀kùn, mo wo àwòrán inú rẹ̀ títí ojú ń ta mí. Ọlọ́wọ́ ọ̀tún ló ya gbogbo rẹ̀. Mo bá yí i padà fún ara mi: ohun tí ìwé bá fi sí ọ̀tún, èmi á fi sí òsì. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò sí kókó tí n kò lè ta.

Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n náà ni mo ṣe kọ́ àwọn ọmọ. Mo ní kí wọ́n rántí òwe pé ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n jẹ́ kí òsì kọ́kọ́ wẹ ọ̀tún. Wọ́n ń kọ ọ́ bí orin, okùn sì ń bọ́ sí àyè rẹ̀. Kí oṣù kejì tó parí, àwọn méjèèjìlélógún ń lo ọwọ́ òsì bí ẹni pé èmi ni mo bí wọn. Bàbá kan tó jẹ́ awakọ̀ wá fẹjọ́ sùn mí pé ọ̀nà tí ọmọ òun ń gbà so okùn bàtà báyìí, kò sí ẹni tó lè tú u nílé mọ́. Èmi ka ìyẹn sí oríyìn.

Ìbéèrè nìkan ló kíyè sí i pé kókó tiwa àti ti inú ìwé kọ ẹ̀yìn síra wọn. Mo sọ fún un pé ìwé náà ti gbó. Ó ní, ṣé bí ìwé bá ti gbó, àwòrán inú rẹ̀ máa ń yíjú padà ni? Mo fun fèrè, mo ní kí wọ́n lọ sáré.

Sátidé tí alábẹ̀wò yóò wá dé. Àwọn òbí kún gbọ̀ngàn. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọ̀pá méjì tiro wọlé, mo sì ń yọ̀ títí mo fi rí ẹni tó gbé àpò tẹ̀ lé e. Ìyá wa ni. Ó wo gbogbo àga tó ṣófo, ó yan èyí tó wà níwájú pátápátá, ó gbé àpò lé ẹsẹ̀, ó tẹjú mọ́ mi. Ọwọ́ òsì mi wọ àpò ṣòkòtò lọ láìgba àṣẹ.

Obìnrin gíga kan ni alábẹ̀wò, ó fi pẹ́ńsù há etí. Ó wo àgọ́ táwọn ọmọ pa, ó mi orí pé ó dára. Ó wo bí wọ́n ṣe di ọgbẹ́, ó tún mi orí. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta kókó, orí dúró. Ó wo ti ọmọ kìíní, ó wo ti ìkejì, ó rìn dé ìparí ìlà, ó tún padà wá. Ó béèrè ẹni tó kọ́ wọn. Ọmọ méjìlélógún nawọ́ sí mi. Ọwọ́ òsì ni wọ́n nà.

Ó ní kí n wá ta kókó ìgbàlà níṣojú òun. Kókó yẹn ni wọ́n máa ń fi okùn so yí ènìyàn ká tí wọ́n bá fẹ́ fà á jáde nínú kòtò. Kò gbọdọ̀ fún un mọ́ra, kò sì gbọdọ̀ tú. Mo lè ta á nínú oorun. Ṣùgbọ́n ìyá wa nìyẹn níwájú mi, òsì kò sì gbà láti jáde. Mo fi ọ̀tún gbìyànjú. Okùn yí, ó lọ́, ó já sílẹ̀. Mo tún un ṣe, ó tún já sílẹ̀. Alábẹ̀wò yọ pẹ́ńsù létí, ó kọ nǹkan. Ẹ̀gbọ́n mi dorí kodò, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dá. Ojú tì mí gan-an. Àpótí mi ti dá a lẹ́sẹ̀, mo tún fẹ́ bá a wó ẹgbẹ́ rẹ̀.

 Ìbéèrè ló fọhùn. Ó ní, "Ọ̀gá Pákó, kí ló dé tí ẹ kò lo ọwọ́ yín?"

 Ojú mi lọ sọ́dọ̀ ìyá wa, ojú ọmọ náà tẹ̀ lé e. Ìyá wa gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀, ó dìde.

Ó ní, "Ṣé nítorí tèmi ni?"

Mo ní, "Rárá o, Màmá."

"Má parọ́ fún mi. Mú ọwọ́ yẹn jáde."

"Ọwọ́ wo, Màmá?"

"Èyí tí mo ti ń lù láti ọjọ́ yìí." Ó yíjú sí alábẹ̀wò. "Ọmọ mi, má bínú. Ṣíbí mẹ́rin ló dá mọ́ ọwọ́ yẹn, kò gbọ́. Ohun tó bá lágídí tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kó mọ iṣẹ́ kan ṣe."

Ó wọ́ àga rẹ̀ sáàárín gbọ̀ngàn, ó jókòó, ó ní kí n so òun. Alábẹ̀wò ní kí Màmá má ṣe wàhálà, pé àwọn lè fi àpò iyẹ̀pẹ̀ dán an wò. Ìyá wa ní òun kò wá síbẹ̀ kí wọ́n fi àpò iyẹ̀pẹ̀ rọ́pò òun.

Òsì jáde. Ó rántí iṣẹ́ rẹ̀. Mo so okùn yí ìyá wa àti ẹ̀yìn àga ká, mo ta kókó, mo fún àwọn ọmọ ní ìdí okùn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin wọn, òsì wẹ ọ̀tún, ọ̀tún wẹ òsì, wọ́n sì wọ́ ìyá ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin láti ògiri kan dé èkejì. Àga ń ké, ìyá wa jókòó ṣinṣin bí ayaba, ó sì ń sọ fún wọn pé kí wọ́n rọra níbi tí pákó ilẹ̀ ti yọ sókè. Kókó náà kò fún un, kò sì tú.

Alábẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa kókó náà síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó ní ẹ̀yìn ló wà níwájú. Lẹ́yìn náà, ó ní ìwé òfin òun sọ pé kí kókó má tú, kò sọ ibi tó gbọdọ̀ kọjú sí. Ó buwọ́ lùwé. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ ẹkún ẹlẹ́ẹ̀kejì, àwọn ọmọ sì fi ariwo gba gbọ̀ngàn. N kò ní kí wọ́n dákẹ́.

Nígbà tí gbogbo wọn ń kí ara wọn, ìyá wa bi Ìbéèrè ní ohun tó dé tó fi jẹ́ òsì ni wọ́n ń lò. Ọmọ náà ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọkàn fún un.  Ìyá wa rìn wá bá mi, ó na ọwọ́ òsì tí kò fi kí ẹnikẹ́ni rí láyé rẹ̀.

Mo na ọ̀tún. Ẹ̀rín pa gbọ̀ngàn.

Ìyá wa kò rẹ́rìn-ín. Ó wá òsì mi rí níbi tí mo fi sí, ó dì í mú, ó fi òsì tirẹ̀ fà mí mọ́ra. Ó pẹ́ kó tó fi mí sílẹ̀. Ó wá sọ sí mi létí pé kí n má wulẹ̀ gbàgbé ara mi o: ní ilé òun, ọ̀tún ni n óò ṣì máa fi jẹun.